Ohun Tí Èkúté Fi Hàn Nípa Ogbó, àti Èyí Tí Ìdíkàn Fi Kún Un

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí dánfó bá ń já èrò sílẹ̀ lójú Agége Motor Road ní Ṣógúnlé, ọwọ́ àwọn tó ń ta oògùn eku kì í dilẹ̀. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré ni wọ́n máa ń gbé dání, ohùn tí wọ́n ti gbà sínú rẹ̀ á sì máa ké tantan pé eku, aáyán, ìdun, èèrà, kò sí èyí tí yóò tọ́ ọjà àwọn wò tí yóò padà sínú ihò. Ìdí tí ọjà náà fi ń yá kò ṣòroó mọ̀. Àdúgbò tí ilé gbára jọ sí, tí gọ́tà ṣí sílẹ̀, tí ojú irin sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí Ìkẹjà, kò lè ṣaláìní èkúté.

Ní Bar Harbor, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, òdìkejì èyí ni iṣẹ́ òòjọ́ àwọn kan. Ní ilé ìwádìí Jackson Laboratory tó wà níbẹ̀, owó ńlá ni wọ́n ń ná kí èkúté má baà tètè kú. Wọ́n ń fún un ní omi mímọ́ àti oúnjẹ tí wọ́n wọ̀n, nínú yàrá tí kò gbóná jù tí kò sì tutù jù. Wọ́n á kọ ọjọ́ tí wọ́n bí ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, wọ́n á sì dúró títí ikú fi dé fúnra rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni ìdí tí ọ̀kan fi ń gbó ju èkejì lọ, àti bóyá ọwọ́ ọmọ ènìyàn lè tó ohun tó ń fa ìyàtọ̀ náà.

Èkúté ni wọ́n yàn nítorí pé ọdún méjì sí mẹ́ta péré ni ó ń lò láyé, bó ti wù kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ tó. Olùwádìí kan lè rí ìbí rẹ̀, ìgbà èwe rẹ̀ àti ìgbà arúgbó rẹ̀ kí owó ìwádìí tó tán. Ogbó rẹ̀ sì jọ tiwa: irun á máa re, ẹ̀yìn á tẹ̀, ojú á ṣe bàìbàì, agbára á dín, jẹjẹrẹ á máa yọjú. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn jíìnì tó ń ṣiṣẹ́ nínú ara wa ló ní ìkejì nínú ara èkúté.

Bẹ́ẹ̀ ni eku mìíràn wà ní Áfíríkà wa níbí, eku oníhòòhò tó ń gbé abẹ́ ilẹ̀ ní Kẹ́ńyà, Ethiópíà àti Sòmálíà. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju èkúté ilé lọ, síbẹ̀ ó lè lò ju 30 ọdún lọ. Bó bá jẹ́ pé lílò nìkan ló ń mú ara gbó, kò yẹ kí ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì tó bẹ́ẹ̀. Nǹkan kan wà nínú ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan tó ń pàṣẹ bí ara yóò ṣe yára gbó tó. Ọ̀dọ̀ jíìnì ni wọ́n ti ń wá a.

Wáyà kan náà, iná ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ àti sẹ́ẹ̀lì ojú, DNA kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì. Ẹ wo ilé face-me-I-face-you tó pọ̀ ní Ṣógúnlé: wáyà kan náà ló wọ gbogbo yàrá, ṣùgbọ́n ẹni tó tan iná, ìgbà tó tàn án àti ìgbà tó pa á, ló mú kí yàrá kan mọ́lẹ̀ tí èkejì sì ṣókùnkùn. Bẹ́ẹ̀ ni jíìnì ṣe rí. Kì í ṣe níní in nìkan ló ṣe pàtàkì bí kò ṣe ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, ìgbà tó ń ṣiṣẹ́, àti bí iṣẹ́ náà ṣe le tó.

Kí jíìnì kan tó lè ṣiṣẹ́, sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí RNA, kí ó sì ti ara RNA náà ṣe purotéènì. Iye ẹ̀dà tí wọ́n bá bá nínú sẹ́ẹ̀lì ló ń fi hàn bóyá jíìnì náà ń ṣiṣẹ́ kára, bóyá ó ń fà tìkọ̀, tàbí ó ti dákẹ́ pátápátá. Lára ohun tó ń pa á lẹ́nu mọ́ ni àwọn àmì kẹ́míkà tín-ín-tín tó ń lẹ̀ mọ́ DNA. Bí ọjọ́ orí ti ń lọ ni àwọn àmì yìí ń ṣípò padà. Jíìnì tó yẹ kó dákẹ́ á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èyí tó yẹ kó máa ṣiṣẹ́ á rẹ̀wẹ̀sì. Ìyípadà náà wà létòlétò débi pé ní 2013, Steve Horvath ti Yunifásítì California ní Los Angeles fi ibi 353 lórí DNA ṣe òṣùwọ̀n tó lè sọ ọjọ́ orí ènìyàn pẹ̀lú àṣìṣe ọdún díẹ̀ péré. Ní 2022, àwọn olùwádìí Yunifásítì Northwestern náà yẹ ara èkúté, eku ńlá àti ènìyàn wò, wọ́n sì rí i pé àwọn jíìnì tó gùn ni iṣẹ́ wọn ń dín kù jù bí ara ti ń gbó.

Rírí àyípadà yàtọ̀ sí mímọ̀ pé òun ló ń fa ogbó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan jíìnì kan, kó pa á lẹ́nu mọ́ tàbí kó fi kún iṣẹ́ rẹ̀, kó wá wo bóyá ẹ̀mí yóò gùn. Èyí gan-an ni wọ́n ti ń ṣe fún èkúté láti bí 30 ọdún sẹ́yìn.

Àwọn aràrá tó gbó ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ

Ara kòkòrò ni ìròyìn àkọ́kọ́ tó mi àwọn onímọ̀ lọ́kàn ti wá. Ní 1993, Cynthia Kenyon àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní San Francisco fi hàn pé bí jíìnì kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní daf-2 bá ní àlébù nínú kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kòkòrò náà á lo ìlọ́po méjì iye ọjọ́ rẹ̀. Àwọn kan rò pé kòkòrò nìkan ni irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí.

Ní 1996, Holly Brown-Borg, Andrzej Bartke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìròyìn èkúté aràrá jáde. Àwọn èkúté yìí, tí wọ́n ń pè ní Ames, ní àlébù nínú jíìnì Prop1, nítorí náà ẹ̀yà kékeré abẹ́ ọpọlọ wọn kì í ṣe họ́mọ́ọ̀nù ìdàgbàsókè. Wọn kò tóbi tó àbúrò wọn. Ṣùgbọ́n akọ wọn gbó ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ ní ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún, abo wọn ní ìdá 68. Nǹkan bí ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n fi kún ẹ̀mí ẹran tí kì í sábà lò ju ọdún méjì sí mẹ́ta lọ.

John Kopchick ní Yunifásítì Ohio gba ọ̀nà mìíràn débẹ̀. Òun kò dí họ́mọ́ọ̀nù náà lọ́wọ́. Ibi tí họ́mọ́ọ̀nù ń fara kàn lára sẹ́ẹ̀lì ni ó mú kúrò. Ọ̀kan nínú irú àwọn èkúté yìí, tó wà ní ilé ìwádìí Bartke, lo ọjọ́ 1,819 láyé, ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ó pé ọdún márùn-ún. Ní 2003, Bartke gba ẹ̀bùn tí wọ́n fi orúkọ Mètúsélà inú Bíbélì sọ nítorí rẹ̀.

Kí ló fà á? Họ́mọ́ọ̀nù ìdàgbàsókè ń sọ fún ara pé oúnjẹ wà, kí ó máa dàgbà, kí ó máa bímọ. Nígbà tí ìró yẹn bá lọọlẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á yí ọwọ́ iṣẹ́ padà: á tún DNA tó bàjẹ́ ṣe, á kó ìdọ̀tí inú rẹ̀ dànù, ínsúlìn á sì máa ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ara. Àwọn jíìnì tó ń bójú tó àtúnṣe gba ipò lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó ìdàgbà.

Ọ̀fẹ́ kọ́ ni wọ́n rí èyí o. Abo àwọn aràrá Ames yàgàn, òtútù sì máa ń tètè mú wọn. Bí wọ́n bá tú ọ̀kan nínú wọn sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin Ṣógúnlé, ológbò tàbí òjò alẹ́ ọjọ́ kan ni yóò parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èkúté ìgboro kì í sábà pé ọdún kan kí ohun kan tó pa á, nítorí náà ìṣẹ̀dá kò ní ìdí láti tọ́jú ara rẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Kí ó tètè dàgbà kí ó sì bí ọmọ púpọ̀ ló sàn fún un.

Jíìnì mìíràn wà tó jẹ́ pé àìṣiṣẹ́ rẹ̀ ló ń pani. Ní 1997, Makoto Kuro-o àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan rí èkúté tó darúgbó kó tó dàgbà: eegun rẹ̀ fúyẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ le gbagidi, awọ rẹ̀ rù, ó sì kú ní bí oṣù méjì. Jíìnì kan ló dákẹ́ lára rẹ̀. Wọ́n sọ jíìnì náà ní Klotho, orúkọ òrìṣà àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ tó ń ran òwú ẹ̀mí ọmọ ènìyàn. Ní 2005, wọ́n mú kí jíìnì kan náà ṣiṣẹ́ ju bó ti yẹ lọ, ẹ̀mí èkúté sì gùn sí i ní ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Inú kíndìnrín ló ti ń ṣiṣẹ́ jù, ibẹ̀ sì wà lára ibi tí ogbó ti ń kọ́kọ́ fojú hàn nínú ara ènìyàn.

Ìyẹn ni ti àwọn èkúté tí a bí pẹ̀lú jíìnì tí a ti yí padà. Èyí tó ti darúgbó tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ìdáhùn ìbéèrè yìí bẹ̀rẹ̀ nínú yẹ̀pẹ̀. Ní 1964, ikọ̀ kan láti Kánádà bu yẹ̀pẹ̀ ní erékùṣù Rapa Nui tó wà láàárín òkun Pàsífíìkì. Suren Sehgal àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Ayerst ní Montreal rí oògùn kan fà yọ láti ara bakitéríà inú rẹ̀, wọ́n sì pè é ní rapamycin. Oògùn náà ń dí purotéènì tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé oúnjẹ pọ̀. Ní 1999, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún, kí ara wọn má baà kọ èyí tuntun.

Ní 2009, ilé ìwádìí mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, tí Jackson Laboratory wà lára wọn, fi rapamycin sínú oúnjẹ èkúté tó ti pé ọjọ́ 600, arúgbó tó lè bá ẹni 60 ọdún dọ́gba. Ìgbà tí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn kú sún síwájú ní ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún fún abo àti ìdá 9 fún akọ. Ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ṣe é, èsì kan náà ló sì jáde. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ oògùn ogbó ti kúrò lẹ́nu àwọn aláwàdà nìkan. Ṣùgbọ́n ìwádìí tó tẹ̀lé e fi hàn pé rapamycin máa ń sọ kóró ẹpọ̀n èkúté di ahẹrẹpẹ, ojú wọn a sì máa ṣú.

Òkété tó ń mu ọmú ọmọ rẹ̀

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní ń mu. Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú òbí ni wọ́n ń fi í sọ, ṣùgbọ́n ní 2005, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford, tí Irina Conboy àti Thomas Rando wà lára wọn, ṣe ohun tó fara jọ ọ́ gan-an. Wọ́n rán ara èkúté arúgbó mọ́ ti ọ̀dọ́, kí ẹ̀jẹ̀ wọn lè máa yí po. Nígbà tí wọ́n ṣe arúgbó léṣe níbi ẹran ara, ojú egbò náà jinná bíi pé ọ̀dọ́ ni. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe àtúnṣe wà nínú rẹ̀ látilẹ̀. Jíìnì wọn ló ti dákẹ́, ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́ sì ta wọ́n jí. Ọ̀dọ́ náà kò mú un jẹ, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ arúgbó dín agbára tirẹ̀ kù.

Ní 2023, àwọn mìíràn so wọ́n pọ̀ fún oṣù mẹ́ta, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀. Àwọn arúgbó tó bá ọ̀dọ́ gbé pọ̀ lo nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, òṣùwọ̀n àmì DNA wọn sì fi hàn pé ara wọn dẹ̀yìn kúrò lójú ogbó. Kí èsì yìí tó jáde rárá ni àwọn oníṣòwò kan ní Amẹ́ríkà ti ń ta omi ẹ̀jẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ fún àwọn olówó tó ti ń darúgbó. Ní oṣù kejì ọdún 2019, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀ kìlọ̀ gbangba pé kò sí ẹ̀rí pé ó ń ṣiṣẹ́, àti pé ó lè pani lára.

Eku oníhòòhò Áfíríkà náà ti yá èkúté ní jíìnì rẹ̀. Vera Gorbunova àti Andrei Seluanov ní Yunifásítì Rochester ti rí i pé ara eku yìí kún fún èròjà kan tó ń yọ̀, èyí tó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ jẹjẹrẹ. Wọ́n mú jíìnì tó ń ṣe èròjà náà, wọ́n fi í sínú èkúté. Èsì tó jáde ní 2023 ni pé jẹjẹrẹ dín kù, ara kò gbóná lódì, ìlera ọjọ́ alẹ́ wọn sì dára sí i. Ẹ̀mí wọn gùn sí i, àmọ́ kò ju bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn kan náà ti gbé iṣẹ́ jíìnì ẹ̀yà ẹranko 26 yẹ̀ wò ní ọdún kan ṣáájú. Èyí tó bá ń pẹ́ láyé, jíìnì àtúnṣe DNA rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ kára, jíìnì tó ń mú ara gbóná fún ìjà sì máa ń lọọlẹ̀.

Ìgbóná ìjà yẹn náà ni wọ́n bá wí ní 2024, nígbà tí Stuart Cook àti Anissa Widjaja ní Singapore sọ ìtàn interleukin-11, purotéènì kan tó ń pọ̀ sí i nínú ara èkúté bó ti ń darúgbó. Wọ́n yọ jíìnì rẹ̀ fún àwọn kan. Wọ́n dúró kí àwọn mìíràn pé ọ̀sẹ̀ 75 kí wọ́n tó máa fún wọn ní abẹ́rẹ́ tó ń dí i. Akọ tó gba abẹ́rẹ́ gbó ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní ìdá 22 àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, abo ní ìdá 25.

Ibi tí èkúté parí sí

Ẹni tó bá ka gbogbo èyí lè rò pé ó ku díẹ̀ kí oògùn ẹ̀mí gígùn dé ilé ìtajà oògùn ní Ṣógúnlé. Àwọn èkúté fúnra wọn ni wọ́n kọ́kọ́ já ìrètí yẹn kulẹ̀.

Láti 1935 ni Clive McCay ní Yunifásítì Cornell ti fi hàn pé eku tí a dín oúnjẹ rẹ̀ kù máa ń pẹ́ láyé. Ó di òfin tí gbogbo ènìyàn gbà. Àmọ́ ní 2010, wọ́n dín oúnjẹ kù ní ìdá 40 fún ẹ̀yà èkúté 41 tí jíìnì wọn yàtọ̀ síra, iye àwọn tí ẹ̀mí wọn kúrú sì ju iye àwọn tí tiwọn gùn lọ. Jackson Laboratory tún un ṣe ní 2024 pẹ̀lú abo èkúté 960 tí jíìnì ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yàtọ̀. Àwọn tó ń jẹ bó ṣe wù wọ́n gbó tó oṣù 25 ní ìdajì. Àwọn tí wọ́n dín tiwọn kù ní ìdá 40 dé oṣù 34. Síbẹ̀, jíìnì tí wọ́n bí mọ́ èkúté kọ̀ọ̀kan ní ipa lórí ọjọ́ rẹ̀ ju oúnjẹ lọ, àwọn tí kò sì rù púpọ̀ nígbà tí oúnjẹ dín ló pẹ́ jù.

Àwọn ènìyàn kan tilẹ̀ wà láyé tí wọ́n ní irú àlébù tí èkúté Kopchick ní. Ní gúúsù Ecuador, Jaime Guevara-Aguirre ti ń tọ́jú àwọn ìdílé tí họ́mọ́ọ̀nù ìdàgbàsókè kì í ríbi fara kàn lára wọn. Ènìyàn kúkúrú ni wọ́n. Ìwádìí tí òun àti Valter Longo gbé jáde ní 2011 fi hàn pé àtọ̀gbẹ kò sí láàárín wọn rárá, jẹjẹrẹ sì ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n wọn kò gbó ju àwọn ẹbí wọn lọ. Jàǹbá, ọtí àti àrùn mìíràn ń pa wọ́n. Àlébù jíìnì tó fi ọjọ́ kún ẹ̀mí èkúté inú àgò kò rí ọ̀nà gbà láwùjọ ènìyàn.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lórí ọ̀rọ̀ yìí, ilẹ̀ Yorùbá ló ti jáde.

Láti Ìdíkàn dé Ìdí-Àràbà

Ní 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Òṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn, Hugh Hendrie ti Yunifásítì Indiana àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Wọ́n lọ láti ojúlé dé ojúlé ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn, wọ́n bá àwọn àgbàlagbà 2,494 tó ti pé 65 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣe bákan náà fún 2,212 ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí iyè rẹ̀ ti ń ra, tó ń ṣarán, àti ohun tó fà á. Òṣúntókun, tí àwọn onímọ̀ mọ̀ tipẹ́ nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí májèlé inú ẹ̀gẹ́ àti àrùn ẹsẹ̀ àti ojú, kú ní 1995. Adéṣọlá Ògúnníyì, Olúṣẹ́gun Baiyewu, Oye Gureje àti àwọn mìíràn ló bá iṣẹ́ náà lọ.

Èsì tó jáde ní 2001, lẹ́yìn tí wọ́n ti padà lọ wo àwọn àgbàlagbà náà léraléra, yani lẹ́nu. Lọ́dọọdún, ìdá 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Ìdíkàn ni àrùn Alzheimer ń bá. Ní Indianapolis, ìdá 2.52 ni, ó lé ní ìlọ́po méjì.

Jíìnì kan wà tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ àrùn yìí, APOE, pàápàá irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní e4. Jíìnì yìí ló ń ṣe purotéènì tó ń ru ọ̀rá kiri inú ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ. Láàárín àwọn òyìnbó, ẹni tó bá ní e4 wà nínú ewu Alzheimer ju ẹlòmíràn lọ gan-an. Àwọn onímọ̀ ti fi e4 ti ènìyàn sínú èkúté, ìdọ̀tí àrùn náà sì pọ̀ sí i nínú ọpọlọ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn wò, e4 pọ̀ láàárín wọn dáadáa, kò sì bá Alzheimer rìn bó ṣe ń bá a rìn níbòmíràn. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà lórí ènìyàn púpọ̀ rí ipa díẹ̀ fún ẹni tó jogún e4 lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, ṣùgbọ́n ipa náà kò tó ti àwọn ará Indianapolis rárá.

Jíìnì kan náà, ìran tó tan mọ́ra, èsì tó yàtọ̀. Ohun tó wà láàárín wọn ni ìgbé ayé. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà Ìdíkàn kéré, wọn kò sanra, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kò sì wọ́pọ̀ láàárín wọn bíi ti Indianapolis. Ní 2006, ìwádìí mìíràn láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìdíkàn kan náà fi ọ̀rọ̀ lé e: láàárín àwọn tí kò ní e4, bí kọlẹ́sítẹ́rọ̀ bá ti ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ni ewu Alzheimer ń pọ̀. Èkúté inú àgò kò lè sọ èyí fún ẹnikẹ́ni, nítorí oúnjẹ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ láti ìbí dé ikú.

Ìbàdàn tún ni ọ̀pọ̀ ohun tí ayé mọ̀ nípa ìṣiṣẹ́ jíìnì nínú ara ọmọ Áfíríkà ti wá. Nígbà tí iṣẹ́ HapMap bẹ̀rẹ̀ ní 2002 láti ya àwòrán ìyàtọ̀ jíìnì gbogbo ayé, ẹ̀jẹ̀ Yorùbá 90 láti Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ nínú ìdílé 30, wà nínú rẹ̀. Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ jíìnì Áfíríkà, wà lára àwọn tó darí rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú láti inú ẹ̀jẹ̀ yẹn ṣì wà láàyè ní Coriell Institute ní New Jersey. Ní 2010, àwọn olùwádìí ní Chicago ka RNA inú sẹ́ẹ̀lì Yorùbá 69, wọ́n sì fi hàn bí ìyàtọ̀ díẹ̀ lórí DNA ṣe ń mú kí jíìnì kan náà ṣiṣẹ́ kára lára ẹnì kan kí ó sì lọọlẹ̀ lára ẹlòmíràn.

Ìgbà tó yá, irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ fara hàn nítòsí Ṣógúnlé gan-an. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo ti ń kó àwọn tó ní àrùn Parkinson ní Nàìjíríà jọ fún ìwádìí láti ọdún pípẹ́. Àrùn àgbàlagbà ni Parkinson: ọwọ́ á máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ á wúwo, ojú á le. Ní 2023, òun, Mie Rizig ti London àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kéde ìyàtọ̀ kan lórí jíìnì GBA1 tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lára òyìnbó. Ẹni tó bá jogún ẹyọ kan wà nínú ewu àrùn náà tó nǹkan bí ìlọ́po kan àbọ̀ ti ẹlòmíràn. Ẹni tó bá jogún méjì, ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀.

Ìyàtọ̀ yìí kò ba purotéènì jíìnì náà jẹ́. Ibi tí RNA rẹ̀ ti ń tò pọ̀ ni ó ti ń dí i lọ́wọ́, nítorí náà iye tó ń jáde dín kù, ìdọ̀tí sì ń kó jọ nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ bí ọjọ́ ti ń lọ. Fún ogún ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń wá àbùkù GBA1 lára òyìnbó, inú ọ̀rọ̀ purotéènì gan-an ni wọ́n ń wò, wọ́n sì ń kọjá lórí èyí.

Ohun tó yẹ kí ará Ṣógúnlé dì mú nínú gbogbo rẹ̀ kò sí nínú ìgò tí wọ́n ń polówó nínú bọ́ọ̀sì tàbí lórí WhatsApp pé ó ń dá ọjọ́ orí padà. Kò tíì sí oògùn kan tí wọ́n ti fi hàn pé ó ń fi ọdún kún ẹ̀mí ẹni tí ara rẹ̀ le. Èyí tó wà ni ẹ̀rí Ìdíkàn, tó sọ pé jíìnì tó le lè rọ̀ níbi tí ẹ̀jẹ̀ kò ti ru, tí ọ̀rá kò sì pọ̀ nínú iṣan. Àwọn tó fún wa ní ẹ̀rí yẹn dàgbà nígbà tí iṣu, ọkà àti ẹ̀fọ́ pọ̀ lórí tábìlì ju ẹran àti òróró lọ, tí ẹsẹ̀ sì ni wọ́n fi ń rìn. Ọmọ wọn tó ń gbé Ṣógúnlé lónìí ń jókòó sínú gòsúlóò fún wákàtí púpọ̀, ó ń fa èéfín jẹnẹrétọ̀, mínírà àti búrẹ́dì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó délé. Jíìnì ìran rẹ̀ kò yí padà. Bí wọn yóò ṣe máa ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ tó bá pé 70 ọdún lè má rí bíi ti àwọn òbí rẹ̀.

Oye Gureje ti gbìyànjú láti mọ̀ ọ́n. Ìwádìí ogbó rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003 láti Ìbàdàn, bá àwọn àgbàlagbà 2,152 lò ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, Èkó sì wà nínú wọn. Ní 2012, ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ṣí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ti GBA1, iṣẹ́ tó kàn ni láti wá oògùn tí yóò mú kí jíìnì náà pọ̀ sí i ní iṣẹ́, òdìkejì ohun tó ṣẹlẹ̀ sí jíìnì àwọn aràrá Ames. Wọ́n lè fi èkúté bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìran ènìyàn tí ìyàtọ̀ náà wà lára wọn ló gbọ́dọ̀ kópa kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ilé ìwòsàn tó sì ní irú wọn nínú ìwé rẹ̀, Ìdí-Àràbà ló wà, ìrìn ọkọ̀ díẹ̀ sí Ṣógúnlé bí kò bá sí gòsúlóò ní Mushin.